Ẹfun Ìpàkọ́ Olúgbòdé

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Gbogbo wa la ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ìpàkọ́? Ẹ̀yìn ara wa náà ń bẹ, a kì í sì í rí i. Àwọn ará Agúnrọ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn ló ti ṣẹ̀, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Ní Agúnrọ̀ àtijọ́, wọn kì í jogún oyè Baálẹ̀. Ìlú ló ń yàn án, ọdún mẹ́fà mẹ́fà. Àwọn méjì tó ń du oyè á kọ ẹ̀yìn sí odò, wọn á kọjú sí ìlú, àwọn èèyàn á sì tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Bàbá kan tó ń jẹ́ Òdérìndé á wá máa fi ẹfun kan ìpàkọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ń du oyè fúnra rẹ̀, kí wọ́n má baà ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn kí kíkà tó parí ti pàdánù. Bí Baálẹ̀ bá lo ọdún mẹ́ta, wọn á tún tò, ìyẹn ni ìtò àárín. Bí ó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, ìdajì ipò ìjòyè á bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì.

Nígbà tí Olúgbòdé jẹ Baálẹ̀, tí ìtò àárín dé, ìtò rẹ̀ gùn débi pé àwọn ará Ìsàlẹ̀, àdúgbò etí odò, tó wà lẹ́yìn pátápátá, wọ omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Ṣówándé tó ń bá a du oyè kò ní ju ogójì èèyàn lọ. Olúgbòdé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jó wálé, wọ́n ń fi ogójì yẹn ṣẹ̀fẹ̀ kiri.

"Ó tán," ni Olúgbòdé wí. "Ẹni tó bá mú àárín ti mú ìparí."

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ Ìsàlẹ̀ mọ́. Ká má parọ́, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jókòó ni, ìjókòó sì dùn mọ́ ọn.

Mọrẹ́nikẹ́, obìnrin apẹja tó kó àwọn ará Ìsàlẹ̀ wá tò, wá bá a nílé.

"Baba, okùn afárá wa ti jẹrà. Ibẹ̀ làwọn ọmọ wa ń gbà lọ sóko."

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ tò sẹ́yìn mi títí ẹ fi wọ omi?"

"Àwa ni, Baba."

"Ẹ fọkàn balẹ̀ nígbà náà. Ara wa ni wá." Ó ní kí wọ́n fún un ní obì.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni obìnrin náà wá. Nígbà kẹta, kò gba obì.

Nígbà òjò ọdún karùn-ún, afárá já lọ́sàn-án gangan. Èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló bá a lọ, Mọrẹ́nikẹ́ wà nínú wọn, odò kò sì dá òkú ẹnì kankan padà. Olúgbòdé fi ewúrẹ́ kan ránṣẹ́ láti bá wọn kẹ́dùn. Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́ yìí. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ gba ewúrẹ́, wọ́n dúpẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní, "Ẹ ò rí i? Wọn ò bínú."

Ọdún kẹfà pé. Oòrùn òwúrọ̀ ti yọ nígbà tí Olúgbòdé kọ ẹ̀yìn sí odò, tí Òdérìndé fi ẹfun kàn án ní ìpàkọ́. Láìpẹ́, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rọra tẹ iyanrìn bí ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Wọ́n pọ̀. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lọ́rùn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Baba, a ti tò," ohùn obìnrin kan wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ ó wá."

Níwájú rẹ̀, àwọn àlejò àti ọmọdé tí kì í tò ló ń wòran. Ó rí i tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń wo nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Olúgbòdé," Òdérìndé pè é, nítorí lọ́jọ́ ìtò kò sí ẹni tó ń jẹ́ Baálẹ̀. "Ẹfun kò mú."

"Kí ló dé, Baba?"

"Orí wọn tutù. Bí mo ti ń fi kàn wọ́n ni omi ń fọ̀ ọ́ dànù."

"Ta ló wà níwájú wọn?"

"Mọrẹ́nikẹ́ ni."

Olúgbòdé mọ̀ wàyí irú èèyàn tó wà lẹ́yìn òun, ṣùgbọ́n oyè ṣì ń wù ú, kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ ṣáà máa kà wọ́n, Baba," ló wí.

Bàbá náà kà wọ́n títí ó fi dé etí omi, ó ní ó parí. Olúgbòdé yíjú padà. Kò rí ẹnì kankan. Ilẹ̀ rin láti gìgísẹ̀ rẹ̀ títí wọ inú odò. Gbogbo Agúnrọ̀, títí kan ẹgbẹ́ rẹ̀, ló tò sẹ́yìn Ṣówándé, wọ́n ń wò ó.

"Ẹfun mélòó ni mo ní?"

"Ọ̀kan. Tìrẹ ni."

"Gbogbo yín rí i, ẹnì kan ò sì sọ fún mi."

"Mọrẹ́nikẹ́ sọ fún ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ni Òdérìndé dá a lóhùn.

Olúgbòdé nawọ́ sẹ́yìn orí, ó ń wá ẹfun kan ṣoṣo náà kiri pẹ̀lú ìka. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń ka àwọn tó wà lẹ́yìn Ṣówándé, kò béèrè àwọn tó kù lẹ́yìn tirẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí àgbà Agúnrọ̀, bó bá rí ẹni tó ṣẹ́gun lóde tó sì lọ jókòó sílé, kì í bá a yọ̀. Á kàn sọ fún un pé: ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.