Ọ̀kadà Ìbíwùmí àti Ìdí Alága
Ẹ gbọ́ bí Ìbíwùmí, obìnrin kúkúrú tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, ṣe bọ́ lọ́wọ́ Ògúnsínà, alága àwọn ọlọ́kadà gáréèjì wa. Alága ní kí ó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, láìwọ bàtà gogoro, láìrẹ ṣọ́ọ̀kì, irin tó gbé ọ̀kadà sókè, sílẹ̀, torí ọ̀kadà tí wọ́n bá rẹ̀ sílẹ̀ máa ń ha ilẹ̀ ní kọ́nà. Bí kò bá lè ṣe é, òun máa gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kadà yẹn sì ni oúnjẹ Dúnsìn, ọmọ rẹ̀. Ó gùn ún, orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀. “Ìwọ arárá yìí, mú kọ́kọ́rọ́ wá!” “Bàbá Alága, ṣé ọ̀kadà máa ń ṣiṣẹ́ láìgbé èrò ni? Ẹ gùn ún ná.” Ni Alága, ẹni tí àga kan kì í gbà, bá jókòó gbìì sẹ́yìn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì rì, àtẹ́lẹsẹ̀ Ìbíwùmí sì tẹ́ pẹrẹsẹ. “Màgòmágó! Wà á ká rí i!” Ó wà á. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, iwájú ọ̀kadà fúyẹ́, ó ń mì lọ́tùn-ún lósì, irin tí èrò ń gbé ẹsẹ̀ lé sì ń ha ọ̀dà ṣàràrà. “Yéè! Ìyá Dúnsìn, ìyá mi, jọ̀ọ́ dúró!” Ó dúró, Alága bọ́ sílẹ̀, ọ̀kadà sì ga padà. “Bàbá, èyí tó ga tí ẹsẹ̀ mi ò tó, àbí èyí tó rẹlẹ̀ tó ń ha ilẹ̀, èwo ni kí n máa gùn?” “Èyí tó ga ni!” “Ó dáa, ẹ gorí ẹ̀ ká padà.” Alága ní rárá, ẹsẹ̀ ló fi rìn dé gáréèjì.