Bọ́tìnnì Abẹ́ Àga Alàgbà Láníhùn

"Ẹni tó pa iná ọkọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kó má bú rewáyà ní gbangba." Ẹ̀yin náà a máa pa á lówe. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Orí ọlọ́gbọ́n-lójú-ara-rẹ̀ kan ló ti ṣẹ̀. Ojú mi ló ṣe, ọ̀rọ̀ náà sì ń rí mi lára títí dòní.

Alàgbà Láníhùn ni à ń wí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Lójú tirẹ̀, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í jalè. Nígbà tó ra ọkọ̀, ó gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ó ní kí wọ́n fi bọ́tìnnì kékeré kan sábẹ́ àga awakọ̀. Bó bá ti fi bọ́tìnnì yìí pa iná tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ kò ní dáhùn títí yóò fi tún un tẹ̀. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ọgbọ́n ńlá!

Lọ́jọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í há sínú ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀. Ó wa ọkọ̀ lọ bá Gàníyù rewáyà ní ọgbà mẹkáníìkì Ìdí-Orógbó, níbi tí èmi náà ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ọdún méjìlélógún ni Gàníyù ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò pè é lólè rí. Ó ní ojú kọ́kọ́rọ́ náà ti jẹ, àfi kí àwọn pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ ra tuntun, kí wọ́n má baà rẹ́ òun jẹ. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti lọ rà á, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sábẹ́ àga, ó ti pa iná bó ti máa ń ṣe.

Gàníyù de tuntun. Kọ́kọ́rọ́ yí wẹ́rẹ́, iná iwájú awakọ̀ tàn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò mira. Ó yá bátìrì ọkọ̀ mìíràn, pàbó ló já sí. Ó tú sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ó dán an wò nílẹ̀, ó ń yí, ó sì dè é padà. Ó wá yíjú sí Bàbá.

"Ẹ má bínú o, Bàbá. Ṣé kò sí bọ́tìnnì kankan tí ẹ fi pamọ́ nítorí olè?"

"Bọ́tìnnì kẹ̀? Ìwọ lo mọ ohun tí o yọ nínú ọkọ̀ mi! Olè! Ẹ bá mi pe alága ọgbà yìí!"

Irọ́ gbuu. Kò fẹ́ kí rewáyà mọ àṣírí rẹ̀, ó sì dá a lójú pé òun kò pa iná náà lọ́jọ́ yẹn.

Nínú ọgbà ọ̀hún, bí oníbàárà bá pe oníṣẹ́ lólè lójú alága, alága yóò gba àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ títí òótọ́ yóò fi hàn. Bó bá jẹ̀bi, ó kúrò nínú ọgbà nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n parọ́ mọ́ ọn, ẹni tó pè é lólè ni yóò ru àpótí náà padà. Nígbà tí alága dé, Bàbá tún pe Gàníyù lólè, ó ní kí wọ́n gba àpótí rẹ̀. Wọ́n gbà á. Àánú Gàníyù ṣe mí.

Ibi tí a wà nìyẹn tí ìyàwó Bàbá fi dé, ó wá wo ohun tó dá ọkọ rẹ̀ dúró. Nígbà tó gbọ́ pé ọkọ̀ kò dáhùn, ó ní:

"Bàbá Àjíkẹ́, ṣé ẹ ti gba àdúrà yín?"

"Àdúrà wo, Màmá?" Gàníyù ló béèrè.

"Èyí tí wọ́n máa ń gbà nínú ọkọ̀ ni. Bí wọ́n bá ti jókòó, wọ́n á tẹrí ba sísàlẹ̀ báyìí, èmi á ṣe àmín, ọkọ̀ á sì dáhùn."

Gàníyù wọnú ọkọ̀, ó tẹrí ba bí ìyá ti júwe, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó tẹ nǹkan kan. Nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn kíá.

Bàbá tó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ gbé àpótí irin tó kún fún gírísì lérí, tòun ti aṣọ funfun. Gbogbo ọgbà dúró wò ó. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, Gàníyù ní, "Bàbá, ẹni tó pa iná ọkọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kó má bú rewáyà ní gbangba." Bàbá kò tiẹ̀ tọrọ àforíjì. Ó fi ìbínú bọ́ sínú ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó tẹrí ba bó ti máa ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ṣe "Àmín!" Ọkọ̀ kú pátápátá.

Kò pẹ́ tí òwe náà fi kúrò nínú ọgbà wọ ìlú. Àwọn àgbà a máa pa á fún ẹni tó fi òótọ́ pamọ́ fún olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ń pariwo pé onítọ̀hún kò mọṣẹ́. Bí wọ́n bá pa á fún ọ, má bínú. Kọ́kọ́ na ọwọ́ sábẹ́ àga rẹ ná.