Ọ̀jẹ́wùmí àti Kọ̀ǹpútà Tí Ojú Rẹ̀ Fọ́

Mo fi ilẹ̀ tí mo ti rìn búra, ilẹ̀ kì í sì í gbàgbé ẹni tó tẹ̀ ẹ́: bí àdàlù bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí n má dé ibi tí mò ń lọ. Ó ṣẹlẹ̀. Ní Ìrágbìjí ló ti ṣẹlẹ̀, lábẹ́ òkè.

Ojú tó ń ríran kì í bèèrè ọ̀nà. Ọjọ́ tó bá fọ́ ní í mọ iyì ọ̀pá. Ọ̀rọ̀ yìí ló bá Ọ̀jẹ́wùmí lọ́jọ́ tó gbé kọ̀ǹpútà ìlú mọ́ àyà bí ọmọ tí gìrì mú, tó fi ìtìjú bo ojú lọ sí Ìkìrun.

Wàhálà rẹ̀ nìyí. Ìgbìmọ̀ omi Ìrágbìjí ní kọ̀ǹpútà kan, irú tí ń lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí ń darí ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ ni àwòrán ọ̀nà tí páìpù yóò gbà láti orí òkè dé gbogbo àdúgbò wà. Ọ̀jẹ́wùmí ló ya àwòrán náà. Ẹńjiníà ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Sìdíkátù ló to kọ̀ǹpútà náà jọ, láti ara ògbólógbòó méjì. Ohun gbogbo tó bá ṣe sí i, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe: "Ẹńjiníà, ẹ má fọwọ́ kan dráífà àwòrán rẹ̀ o. Káàdì yẹn ti darúgbó, ohun tó mọ̀ ló mọ̀." Dráífà ni ètò kékeré tí ń ṣe ògbufọ̀ láàrin kọ̀ǹpútà àti káàdì tí ń gbé àwòrán sójú rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá ṣi èdè sọ, ojú a ṣú.

Àwọn àlejò wá ń bọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí fẹ́ kí òkè inú àwòrán máa yí lójú wọn bí òkòtó. Ó rí dráífà tuntun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ láti gbé e wọlé, tí ẹni tí kò mọ̀ rí kọ sílẹ̀, ó dà á kọ láìwo irú káàdì tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìlà funfun kékeré kan ló kù tó ń ṣẹ́jú ní igun.

Kàkà kó sọ òótọ́, ó tọ ìgbìmọ̀ lọ, ó ní, "Sìdíkátù ló bà á jẹ́. Ìgbà gbogbo ló ń tọwọ́ bọ̀ ọ́." Wọ́n ní kí Sìdíkátù máa lọ sílé. Ó tú ìwé rẹ̀ lẹ́sẹ̀ tábìlì, ó lọ, kò wẹ̀yìn.

Katapílà tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ òkè, ó ń dúró de àwòrán. Ní Ọjọ́bọ̀ ni yóò kọjá sí ìlú mìíràn. Bí àwòrán kò bá jáde, òkè ni àwọn obìnrin yóò máa gùn lọ pọnmi.

Ní Ìkìrun, ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àjàdí tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kò ní pátákó. Àgbà náà kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa bi ẹ̀rọ léèrè ohun tó ń ṣe é.

"Kí lo ṣe sí i kẹ́yìn?"

"Bàbá, n ò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ṣú ni."

"Ó kàn ṣú. Bí òjò." Àgbà náà fi imú rẹ́rìn-ín. "Mo tún bi ọ́."

"Obìnrin kan ló ń lò ó, bàbá. Ẹ ò mọ̀ ọ́n."

Bàbá Àjàdí tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀. Òkùnkùn náà ká kúrò, lẹ́tà funfun tò sójú kọ̀ǹpútà. "Kò kú," ó ní. "Ojú ló fọ́, ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ yìí a máa kọ ìtàn ara rẹ̀. Ka ibí yìí fún mi, ojú àgbà ò gbé e mọ́."

Ọ̀jẹ́wùmí wò ó. Ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Àṣẹ náà nìyẹn. Orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nìyẹn: Ẹńjiníà Ọ̀jẹ́wùmí. Ó ní lẹ́tà náà kéré, kò hàn sí òun.

"Ó hàn sí mi," ni Bàbá Àjàdí wí. Ó fi aṣọ nu ọwọ́. "Ẹbọ ni kí o rú, Ẹńjiníà. Mi ò bèèrè ewúrẹ́, mi ò bèèrè àkùkọ. Ìgbéraga rẹ ni kí o kó kalẹ̀. Àṣẹ tí o tẹ̀ ti pa ìlà kan rẹ́, ìlà tí ẹni tó to ẹ̀rọ yìí jọ kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítorí káàdì arúgbó yìí. Mo lè máa méfò rẹ̀ títí ọyẹ́ á fi dé. Ẹni tó kọ ọ́ ló mọ̀ ọ́n. Tọ̀ ọ́ lọ. Jẹ́wọ́ níbi tí o ti purọ́. Kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ yọ àlejò dráífà yìí. Kó tó dìgbà náà, má tẹ àṣẹ mìíràn."

Etí gbọ́, ọkàn kọ̀. "Arúgbó lásán," ni Ọ̀jẹ́wùmí ń wí lọ́nà. "Èmi, kí n dọ̀bálẹ̀ fún Sìdíkátù?" Ó délé, ó tún da àṣẹ mìíràn kọ láti íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́tà funfun pàápàá kò yọ mọ́. Ọjọ́bọ̀ pé, katapílà lọ. Òjò kún kòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi sílẹ̀, ewúrẹ́ ń mu nínú rẹ̀.

Láràárọ̀ ni àwọn obìnrin ń gbé garawa kọjá lójú fèrèsé rẹ̀. "Ẹńjiníà, ẹ kú iṣẹ́ omi o!" ni wọ́n ń kí i, wọn a sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò pa á. Ìyá rẹ̀ gan-an ló pa á. Ìyá gbé kẹ́ẹ̀gì lérí, wọ́n rí i lójú fèrèsé, wọ́n sì yíjú sí òdìkejì bí ẹni tí kò mọ ilé ta ni. Ojú ń ti ìyá nítorí ọmọ. Ọjọ́ náà ni Ọ̀jẹ́wùmí wọ bàtà.

Ó bá Sìdíkátù níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Àǹtí Sìdí, èmi ni."

"Mo rí i pé ẹ̀yin ni. Kọ̀ǹpútà ló fọ́jú, kì í ṣe èmi."

"Èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi ni mo purọ́ mọ́ yín."

Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. "Níbo lẹ ti pa irọ́ náà?"

"Níwájú ìgbìmọ̀."

"Àgbàlá mi kọ́ nìyẹn. Ibi tí ẹ gbìn ín sí ni kẹ́ ẹ ti lọ hú u."

Ó lọ. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú ìgbìmọ̀, ó sọ ọ́ láti orí dé ìdí, títí kan agogo àti ìṣẹ́jú. Ẹnikẹ́ni kò ní kó dìde. Alága ṣí fìlà, ó ń wo inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Sìdíkátù gbọ́ pé ó ti jẹ́wọ́, ó sì dé ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Fláàṣì kékeré tó mú wá, tí ètò ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, ló fi jí kọ̀ǹpútà náà. Kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń kà, Ọ̀jẹ́wùmí ń tẹ̀. Àlejò dráífà jáde, èkejì rẹ̀ tẹ̀lé e. Ìlà tí àṣẹ ọjọ́sí pa rẹ́ ló kẹ́yìn, kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Wọ́n pa á, wọ́n tàn án. Ojú kọ̀ǹpútà là. Òkè wà níbẹ̀, páìpù wà níbẹ̀, kò yí bí òkòtó.

Katapílà padà wá lẹ́yìn oṣù méjì, Ìrágbìjí sì mu omi. Ẹni tó rúbọ, ẹbọ rẹ̀ dà. Ẹni tó pẹ̀gàn ẹbọ, àbámọ̀ ló jẹ. Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì, ọjọ́ tó bá sì ń bu omi mu, àwọn méjèèjì ló ń mu ún.

Ìgbìmọ̀ bẹ Sìdíkátù pé kó padà sípò. Ó kọ̀. Ó so ìwé náà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó na bírò sí Ọ̀jẹ́wùmí. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nínú ọ́fíìsì yẹn, kó tó jáde, kò ju báyìí lọ: "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án."

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.