Ìka Amọ̀kòkò Mẹ́tàlélógún

Ẹ dá mi lóhùn ná: bí ewúrẹ́ kan bá jẹ iṣu aládùúgbò, ṣé gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ni a ó so mọ́gi? Ó tì o! Síbẹ̀, irú ohun tí ọba kan fẹ́ ṣe fún àwọn obìnrin ìlú Ìdó-Amọ̀ nìyẹn láyé àtijọ́. Bí mo bá rántí rẹ̀, inú a máa bí mi.

Ilẹ̀ oko Ìdó-Amọ̀ rẹlẹ̀ ju odò Àránsì lọ. Bèbè gíga kan tí gbòǹgbò igi dì mú ni kò jẹ́ kí omi ya wọ oko wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa amọ̀ níbẹ̀, bí amọ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ kúnná ju ti ibòmíràn lọ. Kòtò ìlú wà lókè, kí gbogbo amọ̀kòkò lọ máa wa tiwọn níbẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin, ọba yóò gé ìka rẹ̀ kan. Ẹ má ní ó le jù. Oúnjẹ gbogbo ìlú ni bèbè yẹn ń ṣọ́. Iṣẹ́ ìkòkò náà kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ìdó-Amọ̀ kò ní iyọ̀, kò ní irin. Ìkòkò ni àwọn obìnrin ń rù lọ sọ́jà ìlú mìíràn, òun ni wọ́n fi ń pààrọ̀ iyọ̀ àti ọkọ́ bọ̀ wálé.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀, bèbè já. Omi gbá àgbàdo lọ, ó gbá ilá lọ. Nígbà tí omi fà, wọ́n rí ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó já. Ẹnìkan ti ń wa amọ̀ lábẹ́ gbòǹgbò igi!

Ọba pe ìlú jọ. Ojúọlápé, olórí àwọn amọ̀kòkò, ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

“Kábíyèsí, àwọn ọmọ wọ̀nyí ti dójú tì mí. Èmi ti dàgbà kọjá ẹni tí ń wa amọ̀, àwọn ni wọ́n ń wà á. Kò sí èyí tó máa jẹ́wọ́ nínú wọn. Ẹ fìyà jẹ gbogbo wọn!”

Ọba ní, “Ó dáa. Lọ́la, ìka kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.”

Obìnrin mẹ́tàlélógún! Kí ni amọ̀kòkò fẹ́ fi ọwọ́ tí wọ́n gé ìka rẹ̀ mọ? Wọn ò bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Àwọn ìjòyè kàn jókòó, wọ́n ń mi orí bí alángbá.

Àwẹ̀ró, opó kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn, fò dìde. “Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹnu yín ti dí ni? Bí ìkòkò kan bá sán nínú iná, ṣé gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ la máa ń fọ́?”

“Obìnrin yìí, panu mọ́!” Ọ̀tún ọba jágbe mọ́ ọn.

“N ò ní panu mọ́, Bàbá. Ìka tèmi ni wọ́n fẹ́ gé, kì í ṣe tiyín. Ta ló tiẹ̀ wo inú ihò ọ̀hún? Àbí orí ìjókòó yìí lẹ ti rí i?”

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ọba wò ó títí. “Lọ wò ó. Àwọn ẹmẹ̀wà mi yóò bá ọ lọ.”

Àwọn amọ̀kòkò ní àṣà kan tí ọkùnrin kò mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wa amọ̀ yóò kọ́kọ́ bu ìṣù amọ̀ kan, yóò tẹ ìka sí i gẹ́gẹ́ bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ sí ìdí ìkòkò tirẹ̀ kí a lè dá a mọ̀, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ilẹ̀. Láti kékeré ni ìyá ti ń kọ́ wọn, débi pé ọwọ́ a ti ṣe é kí ọkàn tó rò ó, ì báà ṣe níbi olè. Àwẹ̀ró na ọwọ́ sí kọ̀rọ̀ gbòǹgbò tí òjò kò dé, ó fa ìṣù amọ̀ gbígbẹ kan yọ. Àmì ìka méjì ló wà lójú rẹ̀: ọ̀kan nà tààrà, èkejì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Àwẹ̀ró wò ó, ó dì í mọ́wọ́ padà sí ààfin.

“Kábíyèsí, ẹ ní kí wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ yín wá láti ilé ìdáná.”

Olorì gbé e wá. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n nu èédú ìdí rẹ̀ kúrò. Ìka méjì: ọ̀kan nà tààrà, èkejì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

Ojú ọba pọ́n. “Amọ̀ bèbè tó kúnná yìí ni mo fi ń jẹun, tí mo sì fẹ́ gé ìka aláìṣẹ̀! Ta ló mọ ìkòkò yìí?”

Obìnrin kan ń ki ọwọ́ tí ìka rẹ̀ kan tẹ̀ bọ abẹ́ ìró.

Àwẹ̀ró ní, “Kábíyèsí, ẹni tó ní kí ẹ gé tiwa ni. Ojúọlápé ni.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ di òwe pé: ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.