Atọ́tíwò àti Omi Kànga Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo ìlú rẹ̀ fọkàn tán ahọ́n rẹ̀. Káfíńtà ni, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn ìkórè, òun ni wọ́n máa ń pè láti tọ́ ọtí àwọn apọntí wò. Apọntí tí ó bá yàn ni ìlú yóò máa gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo àpèjọ ọdún náà. Nítorí náà, ó ṣọ́ra gidigidi. Kì í gba ẹ̀bùn. Kì í yà sílé apọntí kankan ní oṣù tó ṣáájú ọjọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kì í fi ata kan ẹnu.

Apọntí mẹ́ta ló wà. Àgbà inú wọn ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Èkejì ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ṣe àgàdàgídí, òórùn rẹ̀ á ti gba àdúgbò kí èèyàn tó rí igbá. Ẹ̀kẹta, tí ó kéré jù lọ́jọ́ orí, ń fi ọkà bàbà pọn ọtí tó nípọn, tó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n á jókòó lábẹ́ àtíbàbà bí ọjọ́ orí wọn ṣe tẹ̀léra. Ìyá àgbà tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ á fi obì kí atọ́tíwò káàbọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkùnrin náà á jẹ obì, á dúpẹ́, á sì gbé igbá àkọ́kọ́.

Ọdún mẹ́ta léra wọn, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló yàn. Ọdún mẹ́ta léra wọn, ọtí ọkà bàbà ló gbẹ̀yìn. "Ó kan jù," ni ó máa ń wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí kò fẹ́ dun ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún kẹrin, ọ̀rọ̀ kan dé etí rẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Ìyá ọlọ́tí bàbà ti sọ pé bí òun bá tún gbẹ̀yìn, òun á ta àwọn ìkòkò tí ìyá òun fi sílẹ̀ fún òun, òun á sì wá iṣẹ́ mìíràn. Ó dun ọkùnrin náà. Ó rò ó bóyá kí òun ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ lọ́dún yìí. Ó ní rárá, bí òun bá fi àánú yàn án, òun rẹ́ ẹlòmíràn jẹ nìyẹn.

Ó dé abẹ́ àtíbàbà. Ìyá àgbà na obì sí i.

"Ọkọ mi, obì rèé. Ahọ́n rẹ kò ní kú."

"Àṣẹ, màmá."

Ó jẹ ẹ́, ó rún un kúnná. Bí ó ti ń nawọ́ sí igbá ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ìyá ọlọ́tí bàbà dìde, ó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ kọ́kọ́ bá mi mu èyí."

"Ṣé ọtí rẹ ló wá mọ́ gaara báyìí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Omi lásán ni, bàbá."

Kò sí òfin tó ní kí ó má mu omi. Ó mu ún. Ojú rẹ̀ là.

"Omi yìí mà dùn o! Kànga ta ni?"

"Kànga yín ni, bàbá. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé yín."

Ẹ̀rín tún sọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ kànga yẹn. Omi rẹ̀ korò bí irin tó dípẹtà, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kì í mu ún.

"Káfíńtà, ìgbà wo lẹ da oyin síbẹ̀?" ni ẹnìkan kígbe.

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tún mu níbẹ̀. Ó ṣì dùn. Ó fi ahọ́n kan obì tó há sí i léyín, ó sì mọ̀. Gbogbo ẹni tó ń jẹ obì ló mọ̀ pé omi máa ń dùn lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n láti kékeré, kò kàn rò ó dé ibí rí ni. Ọdún mẹ́ta ló fi ń gbé adùn obì lọ bá igbá àkọ́kọ́. Nígbà tó bá fi dé igbá kẹta, obì á ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ọ́ síta fún gbogbo wọn.

"Ṣé ẹ ń sọ pé mo ń fi obì ra ẹnu rẹ̀ ni?" ni ìyá àgbà bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Rárá, màmá. Ẹ̀yin kò ṣe nǹkan kan. Ẹnu tèmi ni n kò yẹ̀ wò."

Ó fi omi ṣan ẹnu. Ó jókòó títí òjìji àtíbàbà fi kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkangun, lọ́dọ̀ ìyá ọlọ́tí bàbà, ó sì ń ṣan ẹnu kí ó tó gbé igbá mìíràn. Kò wá adùn àgbàdo nínú ọkà bàbà mọ́. Ọtí náà kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ tuni lára, ó sì ń ta sánsán bí ọkà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan.

Síbẹ̀, àgàdàgídí ló gbégbá orókè. Ọtí ọkà bàbà ṣe èkejì, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣe ẹ̀kẹta. Ó ṣòro fún ọkùnrin náà láti wo ojú ìyá ọlọ́tí bàbà.

"Ọmọ mi, kò bọ́ sí ọ lọ́wọ́ náà."

"Mo gbọ́, bàbá. Ṣé ẹ tọ́ tèmi wò lónìí?"

"Mo tọ́ ọ wò."

"Ó tán. N kò ta ìkòkò mọ́."

Ìyá àgbà wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Ọdún tó ń bọ̀, ẹ óò rí mi." Ó sì pín obì tó kù fún gbogbo wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, igbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dùn lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, o lè má tọ́ ọtí wò rí, ṣùgbọ́n o ń yan èèyàn. O ń yan ẹni tí wọn yóò gbà síṣẹ́, ẹni tó jàre, ọmọ tí wàá gbà gbọ́ nígbà tí méjì bá ń jà. Mo mọ̀ pé o kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin yẹn náà kì í gbà á. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ kí ọ dáadáa láàárọ̀ yìí? Ọ̀rọ̀ ẹnu ta ló jọ ti ilé yín? Adùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ, ohunkóhun tó bá gbé wá á sì dùn. Ẹni tó jókòó sí ìkangun kò bẹ̀ ọ́ pé kí o yan òun. Ó ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣan ẹnu.