Okùn Tí Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ Tú ní Ìbàdí

"Ojú ni à fi í wọ ọkọ̀ rírì, okùn ni à fi í jáde."

Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Bàbá tó ń sin ọmọ rẹ̀ sọ́nà ìrìn-àjò á pa á. Wọ́n á pa á fún ọ̀dọ́mọdé tó fẹ́ kó wọ ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó pa á pé kí ló dé tí ojú tó mọ ọ̀nà àlọ kò fi ní mọ ọ̀nà àbọ̀. Ṣé ojú náà máa ń fọ́ sínú ọkọ̀ ni? Á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, á ní òun fẹ́ mu omi. Inú máa ń bí mi sí irú wọn. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibi tí ẹṣin ti wá, kí ó má gùn ún níwájú mi.

Èmi mọ ibi tí eléyìí ti wá. Ẹ̀bútẹ́-Iyọ̀ ló ti wá, abúlé kan létí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé sórí òpó nínú omi, tí ọmọdé ti ń mọ omi wẹ̀ kí ó tó mọ ìrìn rìn. Láyé àwọn bàbá wọn, ọkọ̀ òyìnbó ńlá kan rì sí ẹnu ọ̀sà náà, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sísàlẹ̀ omi. Iṣẹ́ àwọn ọkùnrin Ẹ̀bútẹ́-Iyọ̀ ni kí wọ́n mòòkùn, kí wọ́n wọ inú ọkọ̀ náà, kí wọ́n máa tú idẹ àti bàbà jáde níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà ní òfin. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ yẹn láìso okùn mọ́ ìbàdí. Ìkejì, ọ̀rẹ́ kì í di okùn náà mú. Àna ní í dì í mú: ẹ̀gbọ́n ìyàwó, àbúrò ìyàwó, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti jẹ́ ará ilé ìyàwó. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ọ̀rẹ́ lè sùn lọ. Ọ̀rẹ́ mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ìyàwó ẹni ló ń wò. Ṣùgbọ́n kò sí ilé àna kan tó fẹ́ kí ọmọ wọn kó ẹrù opó padà wálé, kí ó tún fa ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́.

Ìkẹta ni ti èémí. Ẹni tó bá lè sé èémí mọ́nú ka ọgọ́fà, ogójì ni yóò fi wọlé, ogójì ni yóò fi jáde. Ogójì tó kù, ti àbápàdé ni, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àna tó wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lókè ni yóò máa kà á. Bó bá ti pé ogójì, yóò fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, ibi yòówù kí o dé, o gbọdọ̀ yí padà. Ẹni tí àna rẹ̀ bá fa okùn tí kò yí padà, ó ti tàbùkù ilé àna, àwọn ìyá ilé náà yóò sì jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí.

Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ni òmòòkùn tó mọ̀ ọ́n jù ní Ẹ̀bútẹ́-Iyọ̀. Èémí rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ tún gùn jù ú lọ. "Ẹja ló bí mi," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀, "ìyá mi kàn wò mí dàgbà ni."

Ní ọdún kan, kùrukùru bo ojú omi tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ apẹja méjì fi wá ẹ̀bútẹ́ tì, wọ́n sì ń táràrà kiri títí oòrùn fi kan àtàrí. Àwọn àgbà ní ìlú nílò agogo tí wọn yóò máa lù fún àwọn tó wà lójú omi. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ti dìde.

"Agogo kẹ̀? Mo ti rí agogo nínú ọkọ̀ tó rì yẹn, ó tóbi tó ìkòkò aró. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ níbí. Bí mi ò bá gbé e wá, ẹ má pè mí ní òmòòkùn mọ́, ẹ máa pè mí ní Adìyẹ."

Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Mọ́rádéyọ̀ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ ọjà pé, Akíntẹ̀lú, ẹ̀gbọ́n Mọ́rádéyọ̀ tó máa ń di okùn mú, kò sí nílé. Ó ti lọ ra àwọ̀n, kò sì tíì dé. Ta ló kù nílé àna? Ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀ ni, Ìyá Mọ́rádéyọ̀, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Màmá ní kò burú, òun yóò dì í mú. Nígbà tí wọ́n wọ inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, tí Mọ́rádéyọ̀ mú àjẹ̀ láti tukọ̀, Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti kí àna rẹ̀, ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, àna mi," màmá ní, "ẹ fi ìkíni yẹn dúró dìgbà tí a bá dé ilẹ̀."

Wọ́n dé orí ibi tí ọkọ̀ náà rì sí. Omi mọ́ rekete. Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ so okùn mọ́ ìbàdí, ó fa èémí, ó mòòkùn. Ó gba ojú ihò kan wọlé, ó kọjá yàrá kan, ó dé yàrá ẹ̀rọ, ó sì rí agogo náà ní yàrá tó tẹ̀ lé e, ó ń dán lókèèrè. Bó ṣe ní kí òun sún mọ́ ọn, okùn fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí padà. Ó sinmi, ó tún lọ. Ibi kan náà ló tún dé tí okùn fi fà á.

Ó yọrí, ó di etí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mú. "Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi kà á dé àádọ́ta. Ẹẹ́wàá péré ló kù kí n fọwọ́ kan agogo."

"Àna mi, ogójì ni wọ́n kà fún bàbá yín. Ogójì ni èmi náà rí tí wọ́n kà fún ọkọ tèmi."

"Màmá, èémí mi dé ọgọ́fà!"

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi wà láàyè tí ẹ ń bá mi jiyàn."

Kí ni ọkùnrin fẹ́ wí fún ìyá ìyàwó rẹ̀? Ṣùgbọ́n inú ń sọ̀rọ̀. Ó ń wo ẹ̀bútẹ́ lókèèrè, ó ń gbọ́ "Adìyẹ! Adìyẹ!" létí. Ó wá ro ó báyìí pé: bí màmá bá fa okùn tí mi ò yí padà, mo ti tàbùkù àna. Ṣùgbọ́n bí okùn náà kò bá sí lára mi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí èèyàn kò gbọ́, wọn kò lè ní ó kọ̀ ọ́.

Ẹ gbà mí o! Ẹ wo ọgbọ́n! Ọkùnrin yìí kò fẹ́ rí màmá fín, ó wá wéwèé láti fi ọ̀wọ̀ kú.

Ó mòòkùn lẹ́ẹ̀kẹta. Ó dé yàrá ẹ̀rọ, ó tú okùn ní ìbàdí, ó so ó mọ́ ọ̀pá irin kan, ó ta á ní kókó méjì kí ó má baà sá lọ. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá agogo. Ẹrẹ̀ tó wà nílẹ̀ yàrá yẹn kúnná bí èlùbọ́, ó ti ń balẹ̀ síbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, kò sì sí ẹni tó tú u ká rí. Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ di agogo lọ́rùn mú, agogo kò mira. Ó wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó fà á tagbáratagbára.

Ẹrẹ̀ ru sókè.

Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ó gbé ọwọ́ síwájú ojú, kò rí ọwọ́. Bó ṣe ń ta ẹsẹ̀ kiri láti wá ọ̀nà ni ẹrẹ̀ tún ń ru sí i. Ó ń táràrà ògiri, irin ń ha á lápá, ó ti ka ọgọ́rin, ó ti ka ọgọ́rùn-ún, àyà rẹ̀ fẹ́ bẹ́. Orí rẹ̀ ni ó gbá òkè àjà kí ó tó mọ̀ pé omi kò kún ibẹ̀ tán. Nítorí pé ọkọ̀ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, atẹ́gùn díẹ̀ há sí igun òkè, kò ju ohun tó lè gba orí èèyàn méjì lọ. Atẹ́gùn náà ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó fà á símú bẹ́ẹ̀.

Ó mọ̀ pé atẹ́gùn ọ̀hún kò ní pẹ́ tán. Ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ó rántí pé ọwọ́ òun náà ló tú okùn. Ọmọ ẹja bú sẹ́kún, ó sunkún dáadáa, ó ń fi ìkúùkù lu irin, gbọ̀ù, gbọ̀ù.

Lókè, màmá ka ogójì, ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì. Okùn tó wà lára èèyàn máa ń dáhùn, ó máa ń dẹ̀, ó máa ń sún. Eléyìí le gbagidi.

"Mọ́rádéyọ̀, ọkọ rẹ ti so okùn mọ́ nǹkan."

Mọ́rádéyọ̀ figbe ta.

"Má ké. Di okùn rẹ̀ yìí mú fún mi." Màmá tú ìró, ó ku tòbí nìkan. Ó fa okùn ìdákọ̀ró wọn, ó so ó mọ́ ìbàdí tirẹ̀, ó sì fi ìdí rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó máa ń wọ abẹ́ omi lọ kó ìṣáwùrú, ṣùgbọ́n ó ti tó ogójì ọdún tó ti mòòkùn gbẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ ti dàgbà jù!"

"Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ka ogójì, kí o fà mí."

Ó wọ omi. Kò wá ọ̀nà, okùn ọkọ ọmọ rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ tẹ̀ lé. Nígbà tí ẹrẹ̀ pàdé rẹ̀, ó kúkú di ojú. Ó dé ìdí ọ̀pá irin, ó fọwọ́ kan kókó méjì náà, ó gbọ́ gbọ̀ù, gbọ̀ù. Ó tẹ̀ lé ìró náà wọ yàrá agogo, ó na ọwọ́, ó di ẹsẹ̀ kan mú. Ẹsẹ̀ náà rò pé ọ̀nì ni, ó ta á nípàá láyà. Màmá lọ́ ọmọ ìka rẹ̀, ó gun ara rẹ̀ lọ sókè, ó sì yọrí sínú atẹ́gùn.

Okùn fa ìbàdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fà á padà lẹ́ẹ̀kan kí ọmọ rẹ̀ lè mọ̀ pé òun wà láàyè.

"Àna mi, ẹ kú ijọ́ mẹ́ta," ó wí nínú òkùnkùn.

"Màmá?" Ẹ ò ní gbà á gbọ́: ọkùnrin náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Omi wọ ọ́ nímú, ikọ́ dá a dúró.

"Gbé orí sókè! Ta ló ní kí o kí mi? Ṣé ibí lo wá kọ́lé sí ni?" Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, màmá kò fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Mi ò rí ọ̀nà. Mò ń wò títí..."

"Má wo nǹkan kan mọ́. Ojú lo fi wọlé, okùn la ó fi jáde. Di ojú rẹ, kí o di okùn ìbàdí mi mú. Má fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀."

"Màmá, agogo náà ńkọ́?"

Màmá gbá a létí. Ìgbátí yẹn dún ju agogo lọ.

Wọ́n fa èémí, wọ́n mòòkùn, màmá níwájú, àna lẹ́yìn, ọwọ́ lórí okùn, ojú ní dídì. Mọ́rádéyọ̀ ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lókè. Nígbà tí orí méjì yọ lójú omi, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́, ó sì ń fi ọwọ́ àjẹ̀ gbá ọkọ rẹ̀ léjìká. Màmá ró ìró rẹ̀, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Àna mi," ó ní, "ẹ kú ewu omi." Ó ti padà sórí "ẹ̀yin".

Èrò ti pé sí ẹ̀bútẹ́. "Agogo dà?" Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ká máa pè ọ́ ní Adìyẹ?"

Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ lè purọ́. Ó lè ní okùn ló já, màmá kò ní tú àṣírí rẹ̀. Ìyá náà tiẹ̀ ti yí ojú síbòmíràn kí ó lè ráyè sọ ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ẹ̀bútẹ́ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, gbogbo ìlú ń wò ó.

"Ẹ máa pè mí ní Adìyẹ, ó tọ́ sí mi. Kí n má baà gbọ́ màmá bí wọ́n bá fi okùn pè mí, mo tú okùn ní ìbàdí mi. Ojú ni mo fi wọ ọkọ̀ rírì yẹn. Okùn ni màmá fi mú mi jáde."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Àwọn tó jẹ́ òmòòkùn níbẹ̀ fọwọ́ kan ìbàdí ara wọn.

Wọ́n pè é ní Adìyẹ fún oṣù mélòó kan, ó sì ń dáhùn. Agogo kò jáde rí. Ṣùgbọ́n Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ lé lọ́gọ́rin ọdún kí ó tó kú, orí ẹní ni ó kú sí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ yí i ká. Ẹ lọ bi wọ́n ní Ẹ̀bútẹ́-Iyọ̀, òmòòkùn mélòó ni wọ́n rí òkú rẹ̀ sin?

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá tún pa òwe yìí létí yín tó ń húkọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé ojú kò fọ́ nínú ọkọ̀. Ojú ríran dáadáa nígbà tó ń lọ. Ẹsẹ̀ ẹni náà ló da omi rú lẹ́yìn ara rẹ̀, ìgbà tí omi sì ṣì mọ́ ni èèyàn ń so okùn. Ojú ni à fi í wọ ọkọ̀ rírì. Okùn ni à fi í jáde.