Àgbẹ̀ Tí Wọ́n Kọ́ Ní Ìjókòó

Ọkùnrin kan wà tí a ṣẹ̀ ní oṣù Èrèlé ọdún tó kọjá. Àjàdí ni orúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu ni. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣe àárò ni wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Ó ti bá wọn kọ ebè lóko àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá kan oko tirẹ̀, wọn kò yọjú. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àárò.

Ohun tí wọ́n rí kò ju pé ó jókòó lọ. Nínú àárò wọn, ẹnikẹ́ni kì í jókòó kí ó tó kọ ebè dé òpin poro. Ẹni tí ó bá jókòó, ariwo ẹ̀sín ni wọn yóò fi gbé e dìde. Ṣùgbọ́n ibà ti mú Àjàdí lẹ́yìn Kérésì. Ibà lọ, àárẹ̀ kò bá a lọ. Bí ó bá sùn mọ́jú, yóò jí bí ẹni tí ó ru igi mọ́jú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílùú, wọn kò rí nǹkan kan. Nígbà tí kò ti sí àrùn nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìwà rẹ̀ ni àrùn náà.

Ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wá rán nọ́ọ̀sì kan sí i. Nọ́ọ̀sì gun máṣíìnì wá, ó jókòó tì í, ó ní ọ̀rọ̀ ni àwọn yóò jọ máa sọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ lásán? Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́ wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí n gún yín lásán, ẹ yí ìdí síbí."

"Ẹ gún un, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí níbi tí ó ti ń bó ẹ̀gẹ́, "bóyá yóò máa gbọ́ràn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "N ò sọ pé ẹ̀ ń rò ó ló ṣe ń rẹ̀ yín o. Àárẹ̀ gidi ni. Bí ẹ ṣe ń bá a gbé ni a ó tún ṣe. Lọ́jọ́ tí ara yín bá yá, ebè mélòó lẹ ń kọ?"

"Ọgọ́jọ!" Àjàdí nà tàntàn.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo máa ń fi ọjọ́ mẹ́jọ dùbúlẹ̀."

"Bí ẹ bá kọ ogún lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ tán. "Ọgọ́sàn-án! Háà, Bàbá Àríkẹ́, ọ̀lẹ ṣiṣẹ́ ju alágbára lọ!"

Àjàdí náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí ó máa fi mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jókòó nígbà tí agbára ṣì kù lára rẹ̀.

Ó rọrùn létí, ó ṣòro lóko. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ń kọjá lọ. Ó kígbe pé, "Àjàdí, ṣé ò ń ṣọ́ ebè ni, kí wọ́n má bàa jí i?" Àjàdí fò dìde. Ó kọ ọgọ́fà ebè níṣojú ẹni náà, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan sùn.

Nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Ó kàn bi í pé, "Kí ni ọkàn yín sọ nígbà tí ó bú yín?"

Àjàdí fèsì pé, "Ó ní bí n kò bá dìde, n kì í ṣe ọkùnrin mọ́."

"Ta ló kọ́ ọkàn yín bẹ́ẹ̀?"

"Àárò ni."

Ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Nígbà tí ẹni tó fi í ṣe ẹlẹ́yà tún kọjá, Àjàdí kò dìde. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń ṣọ́ ọ. Wá bá mi ṣọ́ ọ." Àárẹ̀ náà kò tán pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di oṣù Ọ̀wàrà, ó ń kọ ogún ebè láàárọ̀, ogún nírọ̀lẹ́, kò sì sí ọjọ́ tí àárẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ kúrò lóko.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún àárò tò, ó lọ bá àwọn mẹ́rin náà. Ó ní, "Ẹ dá mi padà. N ó kọ iye tí agbára mi ká, n ó sì jókòó nígbà tí ó bá yẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè mí ní ọ̀lẹ mọ́." Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ń fi èékánná ha erùpẹ̀ kúrò lára ọkọ́.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, o ní irú Àjàdí bẹ́ẹ̀. Bóyá àbúrò rẹ ni, bóyá ọmọọṣẹ́ rẹ ni. Àyẹ̀wò kò rí nǹkan, o sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Nọ́ọ̀sì ti ṣe tirẹ̀, aláàárẹ̀ ti ṣe tirẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú tí ó lè mú ẹnikẹ́ni lára dá bí a bá ń fi ẹnu wa ba a jẹ́ lójoojúmọ́. Lọ bá a lónìí. Sọ fún un pé o ṣì í pè, kí o sì fi í sí àyè rẹ̀ padà. Ṣé o máa lọ?